Bí Aláìsàn Ṣe Ń Kúrò Lórí Ẹ̀rọ Ọkàn Láì Tún Padà Sí I

Ẹ ti rí i rí. Dókítà ti tún fáàfù ṣe tán, ó ti tú kíláǹpù ńlá, ọkàn ti ń lù, ara ti ń tu gbogbo ilé. Wọ́n ní ká dín ẹ̀rọ ọkàn kù, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń bá ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró ṣiṣẹ́ nígbà iṣẹ́ abẹ. A dín in kù dé ìdajì, ìfúnpá já wálẹ̀, ọkàn wú bí ẹ̀bà tó rẹ sínú omi, dókítà pariwo pé "Ẹ dá a padà!" A dá a padà. Lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú a tún dán an wò, bákan náà ló rí. Lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ àwọn tí mo ti bá jókòó ti ẹ̀rọ níbí ní Ìlọrin, ibi tí iṣẹ́ ti máa ń bàjẹ́ nìyẹn. Inú ọkàn ni wọ́n sì máa ń wá ẹ̀bi sí, nígbà tó jẹ́ pé láti àárọ̀ lẹ̀bi ti ṣẹ̀: PCV (ìdá sẹ́ẹ̀lì pupa nínú ọgọ́rùn-ún ẹ̀jẹ̀) tí wọn ò ṣírò, ooru tí wọ́n fi ìkánjú mú wọlé, ẹ̀rọ amúnimí tí kò sẹ́ni tó rántí tàn.

Ìdí nìyẹn tí gbogbo ìpele tó wà nísàlẹ̀ yìí fi ń wo ọ̀nà ìjáde. Ẹni tó ti ń jókòó ti ẹ̀rọ pẹ̀lú ọ̀gá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ni mo kọ ọ́ fún. Níbi tí ìwọ̀n tí ilé ìwòsàn yín kọ sílẹ̀ bá ti yàtọ̀ sí tèmi, tiwọn ni kí ẹ tẹ̀ lé.

Ọ̀rọ̀ méjì ni mo máa lò jálẹ̀. Rọ́bà àbọ̀ ni èyí tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ dúdú bọ̀ láti ara aláìsàn sínú ike tó ń gba ẹ̀jẹ̀ lára ẹ̀rọ. Rọ́bà àlọ ni èyí tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ pupa padà lọ sínú aorta, iṣan ńlá tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ jáde láti inú ọkàn.

Ohun tí ẹ nílò

- Ẹ̀rọ tí bátìrì rẹ̀ kún, pẹ̀lú irin tí a fi ń fọwọ́ yí i. Kí irin náà so mọ́ ara ẹ̀rọ. Inú dúróà tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn kọ́ ni ibùgbé rẹ̀.
- Oxygenator (apá ẹ̀rọ tó ń fi ọ́síjìn sínú ẹ̀jẹ̀), ike ẹ̀jẹ̀, fílítà rọ́bà àlọ, àti oxygenator kejì tí ẹ kò tíì tú nínú ọ̀rá.
- Ọ́síjìn ara ògiri, àti sílíńdà kan tó kún pẹ̀lú sípánà tó ń ṣí i.
- Kíláǹpù rọ́bà, ó kéré tán 6. Iná tọ́ọ̀ṣì kan.
- Heparin (oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì), protamine (èyí tó ń pa agbára heparin), ẹ̀rọ ACT (tó ń ka ìṣẹ́jú àáyá tí ẹ̀jẹ̀ fi ń dì) àti ike ìdánwò rẹ̀ tó pọ̀ tó.
- Omi Ringer tàbí Plasma-Lyte, mannitol, sodium bicarbonate, calcium chloride.
- Ẹ̀rọ tó ń ka gáàsì inú ẹ̀jẹ̀, kó sì wà nítòsí.
- Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ti dán wò pọ̀ mọ́ ti aláìsàn, tó sì wà nínú fíríìjì báyìí.

Lórí ẹ̀jẹ̀ yẹn: bí bàbá ọmọ bá ní àwọn àbúrò òun ń bọ̀ láti Òmù-Àrán lọ́la láti wá fún ọmọ lẹ́jẹ̀, ẹ bá a dúpẹ́, kí ẹ sì sún iṣẹ́ síwájú títí wọn yóò fi dé. A kì í fi ìlérí kún rọ́bà.

Ìpele 1: Ìṣirò alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú

Gbogbo omi tó wà nínú rọ́bà ló máa wọnú ẹ̀jẹ̀ aláìsàn. Ẹni tó bá ti bomi la gbẹ̀gìrì rí mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀: ó pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n kò ki mọ́.

Ẹ mú àgbàlagbà tó wọn kílò 60. Ẹ ka ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ sí mílílítà 70 fún kílò kan, ó di 4,200. Bí PCV rẹ̀ bá jẹ́ 36, sẹ́ẹ̀lì pupa inú rẹ̀ jẹ́ 1,512. Omi rọ́bà jẹ́ 1,400, àpapọ̀ di 5,600. Ẹ fi 5,600 pín 1,512, PCV tuntun di 27. Èyí dára, ẹ̀jẹ̀ lè dúró sí fíríìjì ná.

Ẹ wá mú ọmọ kílò 12. Mílílítà 80 fún kílò kan jẹ́ 960. PCV 33 túmọ̀ sí sẹ́ẹ̀lì pupa bí 317. Omi rọ́bà 600, àpapọ̀ 1,560. PCV tuntun: 20. Ó ti rẹlẹ̀ jù. Ẹ̀jẹ̀ gbọ́dọ̀ wà nínú omi rọ́bà kí ọmọ yìí tó wọlé. Ẹ̀jẹ̀ tó ti pẹ́ nínú fíríìjì sì máa ń ní potassium púpọ̀, calcium rẹ̀ á sì kéré nítorí citrate tí wọ́n fi tọ́jú rẹ̀. Nítorí náà ẹ ka omi rọ́bà fúnra rẹ̀ lórí ẹ̀rọ gáàsì, kí ẹ tún un ṣe, kí ẹ tó so ọmọ pọ̀ mọ́ ọn.

Iye ẹ̀jẹ̀ tí ẹ̀rọ máa tì jáde: lítà 2.4 ní ìṣẹ́jú kan fún mítà onígun mẹ́rin kan ara. Ẹni tí ara rẹ̀ jẹ́ mítà 1.6 nílò lítà 3.84. Ìyẹn ni mo máa pè ní ìwọ̀n kíkún.

Ibi tí wọ́n ti ń ṣìnà: jẹ́nótáìpù. Ẹ má gba "AA ni mí" lẹ́nu ẹnikẹ́ni, ìwé ìdánwò ni kí ẹ béèrè. Òtútù, ẹ̀jẹ̀ tó kan àti àìtó ọ́síjìn ló ń mú kí sẹ́ẹ̀lì ẹni tó ní àrùn fòní-kú-fọ̀la-dìde tẹ̀ kọrọdọ, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sì lè pàdé lórí ẹ̀rọ tí a kò bá ṣọ́ra. Fún SS, ọ̀rọ̀ àti pààrọ̀ ẹ̀jẹ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ti kọjá agbára yín, ẹ pe dókítà ẹ̀jẹ̀. Fún AS, ẹ jẹ́ kí ara rẹ̀ wà ní lílọ́wọ́ọ́wọ́, kí ọ́síjìn má sì dín.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* nọ́ńbà márùn-ún gbọ́dọ̀ wà lórí bébà tí ẹ lẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ: kílò, ìwọ̀n kíkún, PCV tí ẹ ń retí, heparin, protamine. Ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn tún ìṣirò náà ṣe láì wo tiyín.

Ìpele 2: Omi sínú rọ́bà, afẹ́fẹ́ síta

1. Ẹ kọ́kọ́ fi gáàsì carbon dioxide fẹ́ inú rọ́bà gbígbẹ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 5. Ó máa ń yára yòrò sínú omi ju afẹ́fẹ́ lásán lọ, nítorí náà hóró tó bá ṣẹ́kù kò ní pẹ́.
2. Ẹ da omi sí i, kí ẹ jẹ́ kó máa yí. Ẹ fi ọwọ́ lu oxygenator, fílítà, àti gbogbo oríkèé rọ́bà. Igun tí ojú kì í tó ni hóró afẹ́fẹ́ máa ń sá sí.
3. Ẹ tan aláàmù ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ inú ike àti ti hóró afẹ́fẹ́. Mo ti rí ẹni tó pa á torí pé ariwo rẹ̀ ń dí i lọ́wọ́. Ariwo yẹn gan-an ni iṣẹ́ rẹ̀.
4. Ẹ wo ọ̀nà tí pọ́ǹpù ń gbà yí, kí ẹ fi bírò ya ọfà sí i.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* nígbà tí omi ń yí ní ìwọ̀n kíkún, ẹ yọ wáyà ẹ̀rọ kúrò lára iná. Bátìrì gbọ́dọ̀ gbà á láìdúró. Lẹ́yìn ìyẹn ẹ pa bátìrì, kí ẹ fọwọ́ yí pọ́ǹpù fún ìṣẹ́jú kan gbáko, kí apá yín lè mọ bó ṣe wúwo tó. Iná ọba á lọ lọ́jọ́ kan. Ẹ̀yin ni kí ẹ kọ́kọ́ mú un lọ, nígbà tí omi lásán ṣì ni ohun tó wà nínú rọ́bà.

Ìpele 3: Heparin

Ẹni tó bá ti dúró ti àwọn ìyá Fúlàní níbi tí wọ́n ti ń se wàrà ti rí ohun tí mò ń wí. Mílíìkì á máa ṣàn jẹ́jẹ́, títí omi ewé bọ̀mùbọ̀mù fi máa kàn án, ó sì ṣù. Rọ́bà ni bọ̀mùbọ̀mù ẹ̀jẹ̀. Bí heparin kò bá tíì ṣiṣẹ́, ẹ̀jẹ̀ tó bá kan inú rọ́bà máa di wàrà inú oxygenator, kò sì sí ohun tó ń tú u padà.

Ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ yúnítì 300 sí 400 fún kílò kan. Fún ẹni kílò 60, ní 400, ó jẹ́ 24,000. Iṣan ńlá nítòsí ọkàn ni kó gbà wọlé. Dókítà akunnilóorun gbọ́dọ̀ fa ẹ̀jẹ̀ sẹ́yìn nínú síríńjì kó tó ti oògùn náà, kó sì tún fà á lẹ́yìn rẹ̀, kí gbogbo yín lè mọ̀ pé inú iṣan ló lọ, kò dà sórí aṣọ. Ẹ dúró ìṣẹ́jú 3. Ẹ gba ẹ̀jẹ̀ fún ACT.

Ṣé ẹ ṣì ń wò mí? ACT gbọ́dọ̀ tó ìṣẹ́jú àáyá 480 kí ẹ tó wọlé. Bó bá jẹ́ 410, tí dókítà ń fi ẹsẹ̀ kilẹ̀, ẹ fi 5,000 sí 10,000 kún un, kí ẹ tún un kà. Bó bá kọ̀ láti gòkè lẹ́yìn ìyẹn, ó ṣeé ṣe kí antithrombin ara aláìsàn, èyí tí heparin fi ń ṣiṣẹ́, kéré, FFP (omi ara ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n mú dì) sì lè pèsè rẹ̀. Ẹ má tan sọ́kà, pọ́ǹpù tó ń fa ẹ̀jẹ̀ inú àyà, rárá kí nọ́ńbà yẹn tó pé, torí inú ike kan náà ni sọ́kà ń da ẹ̀jẹ̀ sí.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ẹ pe nọ́ńbà ACT sókè, kí dókítà oníṣẹ́ abẹ tún un pè padà fún yín. Lẹ́yìn tí ẹ bá wọlé, ẹ máa kà á ní gbogbo ọgbọ̀n ìṣẹ́jú.

Ìpele 4: Wíwọlé

Aorta ni wọ́n ń kọ́kọ́ fi rọ́bà sí, kí ọ̀nà àtifún aláìsàn lẹ́jẹ̀ lè wà bí nǹkan bá bàjẹ́ nígbà tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ apá àbọ̀. Kí ìfúnpá òkè sún mọ́ 100 lásìkò náà, kí aorta má baà ya.

Tí wọ́n bá ti so ó, ẹ wo gééjì rọ́bà àlọ: ó gbọ́dọ̀ máa fò sókè sódò pẹ̀lú ìlù ọkàn. Ẹ ti nǹkan bí mílílítà 100 wọlé. Bí gééjì bá fò kọjá 300, tí ìfúnpá aláìsàn sì ń lọ sílẹ̀, ẹ dúró. Ó lè jẹ́ pé ẹnu rọ́bà wà láàárín awọ aorta, kò sí nínú rẹ̀. Ẹni tó bá tẹ̀síwájú níbí máa fi ẹ̀jẹ̀ ya aorta sí méjì.

Lẹ́yìn náà ẹ tú rọ́bà àbọ̀ díẹ̀díẹ̀, kí ẹ máa gun òkè lọ sí ìwọ̀n kíkún. Ojú yín méjèèjì, ibi tí ẹ̀jẹ̀ dé nínú ike ni kó wà.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ẹ gbé ojú sórí rọ́bà méjèèjì. Ọ̀kan dúdú, ọ̀kan pupa fòò. Bí àwọ̀ wọn bá jọra, ọ́síjìn kò dé oxygenator, ẹ yára tọ rọ́bà gáàsì láti orí ògiri wá, kí ẹ̀rọ amúnimí sì máa ṣiṣẹ́ lọ ní gbogbo àkókò yẹn. Ìgbà tí ẹ bá sọ sókè pé "Mo ti dé ìwọ̀n kíkún" nìkan ni dókítà akunnilóorun lè pa á. Ẹ kọ aago tó pa á sílẹ̀, torí pé a máa padà wá bá a.

Ìpele 5: Lórí ẹ̀rọ

Níbí, iṣẹ́ ń lọ wọ́ọ́rọ́wọ́, kò sì sí ọ̀rọ̀ púpọ̀ nínú rẹ̀. Ìfúnpá àárín, 50 sí 80. Ọ́síjìn tó ṣẹ́kù nínú ẹ̀jẹ̀ àbọ̀, kó ju 70 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ọ́síjìn tó ń dé ara, kó ju mílílítà 280 lọ ní ìṣẹ́jú kan fún mítà onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan. Gáàsì ẹ̀jẹ̀ ní gbogbo ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Kí ìtọ̀ máa wá.

Cardioplegia, omi tútù onípotassium tó ń mú ọkàn dákẹ́, ni ẹ gbọ́dọ̀ máa ka aago rẹ̀. Èyí tí a ń fi ẹ̀jẹ̀ pò, ẹ máa tún un fún un ní 20 sí 30 ìṣẹ́jú. Irú èyí tí wọ́n ń pè ní Del Nido, mílílítà 20 fún kílò kan, lè gbé ọkàn dé nǹkan bí 90 ìṣẹ́jú. Ní oṣù Ẹrẹ́nà, nígbà tí ooru Ìlọrin bá dé ojú ẹ̀, tí éásì yàrá sì ń jìjàkadì, ọkàn máa ń tètè gbóná ju ohun tí ìwé wí lọ. Bí ìlà ECG, tó ń fi iná ọkàn hàn, bá mira, bó tiẹ̀ jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan, ẹ sọ ọ́. Yìnyín tí ẹ rà lọ́jà lè yí ara ike omi náà ká láti ìta. Kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ àyà aláìsàn.

> Iná lọ, bátìrì kò gbà á: ẹ di rọ́bà àbọ̀, ẹ fa irin, ẹ fọwọ́ yí i sí ọ̀nà tí ọfà kọjú sí, kí ẹ tún ṣí rọ́bà àbọ̀ díẹ̀díẹ̀. Bó bá jẹ́ pọ́ǹpù oníyìípo (centrifugal) ni, kíláǹpù gbọ́dọ̀ wà lórí rọ́bà àlọ lọ́gán tó bá dúró, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ̀jẹ̀ aláìsàn á máa ṣàn padà sẹ́yìn.
>
> Afẹ́fẹ́ wọ rọ́bà àlọ: ẹ dá pọ́ǹpù dúró, ẹ di rọ́bà méjèèjì, ẹ pariwo. Kí wọ́n gbé orí aláìsàn wálẹ̀. Ẹ má tún bẹ̀rẹ̀ kí afẹ́fẹ́ tó jáde tán lára rọ́bà àti lára aorta.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* bí ẹnì kan bá bi yín ní "cardioplegia ti pé ìṣẹ́jú mélòó?", ẹ gbọ́dọ̀ lè dáhùn láì wo ìwé.

Ìpele 6: Mímú ara gbóná

Ìkánjú ibí ni ìdí àkọ́kọ́ tí aláìsàn fi ń padà sórí ẹ̀rọ. Dókítà ti rán ojú ọgbẹ́ inú tán, ó fẹ́ lọ, ẹ̀yin náà fẹ́ lọ.

Ẹ̀jẹ̀ tó ń jáde nínú oxygenator kò gbọ́dọ̀ ju 37 lọ láé, torí pé ọpọlọ ló ń kọ́kọ́ gbà á. Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ àlọ kò bá tíì tó 30, kí ìyàtọ̀ àárín rẹ̀ àti ẹ̀jẹ̀ àbọ̀ má ju 10 lọ. Tó bá ti kọjá 30, kí ó má ju 4 lọ, kí ara sì máa gbóná ní ìdajì dígíríì ní ìṣẹ́jú kan. Láti 32 dé 36.5, ìṣẹ́jú 9 nìyẹn, bí ohun gbogbo bá lọ déédéé. Kì í fi bẹ́ẹ̀ lọ déédéé. Nítorí náà ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà nígbà tí ìránṣọ rẹ̀ bá ku díẹ̀, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ẹ má gba ti imú nìkan gbọ́. Ẹ ka ti àpò ìtọ̀ pẹ̀lú. Imú lè ti dé 36.5 kí àpò ìtọ̀ ṣì wà ní 34, lẹ́yìn tí ẹ bá kúrò tán òtútù ẹsẹ̀ á gòkè wá bá ọkàn.

Ìpele 7: Kíkúrò

Kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan kíláǹpù, ẹ pe àwọn nǹkan yìí sókè bí olórin dàdàkúàdà ṣe ń lé orin, kí ẹni tó kàn gbè é. Ẹni tí kò bá dáhùn, iṣẹ́ dúró dè é.

1. *Ẹ̀mí?* Ẹ̀rọ amúnimí ń lọ, ẹ̀dọ̀fóró ń wú, aláàmù rẹ̀ wà ní títàn.
2. *Ooru?* Ibi méjèèjì ti pé.
3. *Ìlù?* 80 sí 100, ó sì dọ́gba. Wáyà ìtanijí ọkàn ti so mọ́ àpótí rẹ̀.
4. *Ẹ̀jẹ̀?* Potassium 4 sí 5, PCV ti kà, ásíìdì ti tún ṣe.
5. *Calcium?* Kí wọ́n má fún un lójú ẹsẹ̀ tí wọ́n bá tú kíláǹpù aorta. Ẹ jẹ́ kí ọkàn sinmi díẹ̀ ná.
6. *Afẹ́fẹ́?* Ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ ìwòran ọkàn ti rí i pé inú rẹ̀ mọ́.
7. *Oògùn?* Èyí tó ń fún ọkàn lágbára wà nínú pọ́ǹpù síríńjì, ó sì ti ń ṣàn.
8. *Gééjì?* Wọ́n ti dá gbogbo wọn padà sí òdo.

Ẹ̀mí ni mo fi ṣe àkọ́kọ́, ó ní ìdí. Níbì kan tí mo ti kọ́ṣẹ́, a ti dín ẹ̀rọ kù dé ìdámẹ́rin kí ẹnì kan tó ṣàkíyèsí pé ẹ̀jẹ̀ inú àyà ti ń dúdú. Ẹ̀rọ amúnimí wà ní pípa láti wákàtí méjì sẹ́yìn. Dókítà akunnilóorun rò pé mo máa sọ fún òun. Èmi rò pé ó ti mọ̀.

Tí gbogbo ìdáhùn bá ti pé, ẹ di rọ́bà àbọ̀ díẹ̀, kí ọkàn kún. Ẹ wá dín ẹ̀rọ: ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, ìdajì, ìdá kan nínú mẹ́rin. Ẹ dúró ní ipele kọ̀ọ̀kan títí ìfúnpá yóò fi jókòó. Ìfúnpá àárín, 65 sókè. Ti apá ọ̀tún ọkàn, 8 sí 12.

Bí ìfúnpá bá já, ẹ má sáré dá a padà kí ẹ tó wo ohun tó fà á:

Bí ọkàn bá ṣófo tó sì ń fò dáadáa, ẹ̀jẹ̀ ló nílò. Ẹ fún un ní mílílítà 50 sí 100 láti inú ike, kí ẹ wò ó.

Bó bá kún tó sì ń fún ara rẹ̀ dáadáa, iṣan ara ló ṣí sílẹ̀ jù. Noradrenaline ni ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ ní kí dókítà fi abẹ́rẹ́ ka ìfúnpá inú aorta gan-an. Lẹ́yìn ẹ̀rọ, gééjì ọrùn ọwọ́ máa ń parọ́ nígbà mìíràn, á ní 50 nígbà tí aorta ní 70.

Bí apá ọ̀tún nìkan bá wú lójijì, ẹ ronú nípa afẹ́fẹ́. Aláìsàn dojú sókè, ẹnu iṣan tó ń bọ́ apá ọ̀tún ọkàn ló sì wà lókè jù nínú gbòǹgbò aorta, ibẹ̀ ni hóró afẹ́fẹ́ máa ń gbà. Ẹ má fi ẹ̀jẹ̀ kún un. Ẹ padà sí ìwọ̀n kíkún, ẹ gbé ìfúnpá sókè, ẹ dúró ìṣẹ́jú díẹ̀. Ó máa ń kọjá.

Bó bá kún, tó ń lù jẹ́jẹ́ bí ẹni tó rẹ̀, ẹ dá a padà, kó sinmi ìṣẹ́jú 10 sí 20, kí wọ́n tún oògùn wò. Ìdápadà báyìí kò ní ìtìjú nínú. Ọkàn tó ti wú jù ni ó ṣòroó gbà.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* pọ́ǹpù ti dúró, rọ́bà méjèèjì ti ní kíláǹpù, ìfúnpá dúró fún ìṣẹ́jú 5 láì sí pé ẹnikẹ́ni yí oògùn padà.

Ìpele 8: Protamine

Mílígíráàmù 1 fún yúnítì 100 heparin, nítorí náà 24,000 yẹn kò nílò ju 240 lọ. Ìṣẹ́jú 10 ni kó fi wọlé, kó má yára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó lè já ìfúnpá wálẹ̀, ó sì lè fún iṣan ẹ̀dọ̀fóró pọ̀ lójijì.

Dókítà akunnilóorun gbọ́dọ̀ sọ ọ́ sókè: "Protamine ń bẹ̀rẹ̀." Ẹ̀yin náà ẹ dáhùn: "Sọ́kà ti kú." Ẹ pa á ní tòótọ́. Bí protamine bá gba sọ́kà wọ inú ike yín, ẹ ti sọ ẹ̀jẹ̀ tó ṣẹ́kù níbẹ̀ di wàrà, bí aláìsàn bá sì nílò ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀kan sí i, kò sí ẹ̀rọ mọ́. Bí ó bá gbọdọ̀ padà lẹ́yìn protamine, ìwọ̀n heparin kíkún láti ìbẹ̀rẹ̀ ni, pẹ̀lú ACT tuntun.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ACT ti padà sí iye tí ẹ kọ sílẹ̀ láàárọ̀ kí heparin tó wọlé.

Wọ́n á ti máa di àyà lásìkò yìí, ẹnì kan á sì ti máa béèrè ìgbà tí ẹ máa palẹ̀ mọ́. Ẹ jẹ́ kí rọ́bà wà bó ṣe wà, kí omi ṣì máa yí nínú rẹ̀. Ìgbà tí bẹ́ẹ̀dì bá ti jáde ní yàrá, tí nọ́ọ̀sì ICU (yàrá ìtọ́jú àkànṣe) ti tẹ̀ yín láago pé ìfúnpá dúró, ìgbà náà ni kí ẹ mú àlùmọ́gàjí.